Ta Ni Yóò San Gbèsè Ẹni Tí Bàtà Gbé Ṣubú?

Lóṣù yìí a kò ní sọ̀rọ̀ lórí èlé, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní dárúkọ àwọn tí wọn kò tíì dá owó oṣù wọn. Ọ̀rọ̀ bàtà ni a mú wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bàtà tí à ń wí yìí ti ti ọwọ́ bọ àpò ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún fẹ́ tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ya ìsọ̀ àwọn oníbàtà òkìrìkà, ìbáà ṣe ní Òwòdé tàbí ní Ọjà Tìmì níbí, yóò ti rí i. Bàtà kánfáàsì ni, ó nípọn bí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó tẹ̀ kọdọrọ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ tí ẹ fi ìka kan tì í níwájú, yóò máa mì síwá sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Skechers Shape-ups ni wọ́n kọ sára àwọn kan, MBT ló wà lára òmíràn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Reebok EasyTone kò tẹ̀ bí ọkọ̀, rogodo afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi sí abẹ́ tirẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní gìgísẹ̀. Gbogbo wọn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bàtà tí kò dúró ni wọ́n.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tà á: “Mọ̀mí, ẹ wọ èyí, ikùn yín á wọlé. Ẹ̀yìn tó ń dùn yín yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa fi lọ. Dókítà òyìnbó ló ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́.” Ẹni tí ó ti dúró láti àárọ̀ níwájú ọjà, tí ìbàdí ń ro ó, tí a bá sọ fún un pé bàtà lásán yóò wo ẹ̀yìn òun sàn, ṣé kò ní rà á ni? Àwa náà ì bá rà á.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń ta gàrí rà á. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú agbada gàrí lórí, ó fẹ́ dá gọ́tà kọjá, ni ẹsẹ̀ bá yí mọ́ ọn nínú. Gàrí dànù, kókósẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ teguntegun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo. Oṣù kẹta nìyí tí ìsọ̀ rẹ̀ ti wà ní títì. Owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ló sì ń san án, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó tí ó ń ta ewé. Ẹ bá wa bi í léèrè: ẹni tí ó ta bàtà, ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ẹni tí kò rí bàtà náà sójú rí, èwo nínú wọn ló yẹ kí ó máa san gbèsè?

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn, ọkùnrin tí ó mọ òwò, tí kì í jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè, kọ ìwé wá pé òun fẹ́ yá owó láti lọ kó bàtà àlòkù ní Kàtáńgúà l'Ékòó. Ó ní irú èyí gan-an ni òun fẹ́ kó jù, nítorí pé àwọn obìnrin ń béèrè rẹ̀ nítorí ikùn àti ẹ̀yìn ríro. Ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti yá ènìyàn lówó, kì í ṣe láti bá a yan ọjà. Àwọn kan ní rárá o. Àwa ní tiwa, a ti mọ ibi tí a dúró, a ó sì sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò: kí owó ẹgbẹ́ wa má ṣe ra bàtà yìí fún ẹni tí yóò tà á bí oògùn.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ó ti wá. Ará Switzerland kan tí ó ń jẹ́ Karl Müller, ẹnjiníà ni, ló ṣe MBT, tí ó sì gbé e sọ́jà ní 1996. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìrora ń dà á láàmú, ó wá wà ní Kòríà, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú oko ìrẹsì tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó sì rí i pé ara tu òun. Ni ó bá rò ó pé bí òun bá lè ṣe bàtà tí yóò máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ilẹ̀ rírọ̀ yẹn, ará ìlú ńlá tí ó ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì yóò rí irú ìtura náà. Orúkọ àwọn Masai, àwọn darandaran ilẹ̀ Kenya àti Tanzania, ni ó fi sọ bàtà náà. A kò tíì gbọ́ pé Masai kan ra ọ̀kan o.

Nígbà tí ó di 2009, Skechers àti Reebok ti gbé tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà. Ariwo wá pọ̀. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ṣáà ti wọ̀ ọ́ rìn, iṣan ìdí á le, ẹsẹ̀ á gún, ara á fúyẹ́. Reebok tilẹ̀ dárúkọ iye: wọ́n ní iṣan ìdí yóò fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún le ju ti ẹni tí ó wọ bàtà lásán lọ. Ní 2011, Skechers gbé Kim Kardashian sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Super Bowl, ọjọ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wo bọ́ọ̀lù wọn. Ta ni kò ní rà?

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń wádìí. Ní 2010, àjọ kan tí ó ń jẹ́ American Council on Exercise ní kí àwọn olùwádìí yunifásítì Wisconsin tí ó wà ní La Crosse dán bàtà náà wò. Wọ́n wọ Skechers, MBT àti Reebok fún àwọn obìnrin, wọ́n tún wọ bàtà eré sísá lásán fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn lórí ẹ̀rọ. Wọ́n wọn èémí wọn, wọ́n wọn bí ọkàn wọn ṣe ń lù, wọ́n wọn bí iṣan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn kò rí ẹ̀rí kankan pé èyí tí ó ń mì sàn ju èyí tí kò mì lọ.

Ni ìjọba bá dá sí i. Ní oṣù kẹsàn-án 2011, àjọ Federal Trade Commission tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ní Amẹ́ríkà mú kí Reebok gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là fún àwọn tí wọ́n ra bàtà rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2012, ó kan Skechers: mílíọ̀nù 40 dọ́là. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì kò gbà pé àwọn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n san owó. Nínú ẹ̀sùn tí àjọ náà fi kan Skechers, ọ̀kan wà tí ó pa wá lẹ́rìn-ín, tí ó sì bí wa nínú: dókítà tí wọ́n fi ń jẹ́rìí nínú ìpolówó pé òun ti dán an wò, tí ó sì ṣiṣẹ́, ọkọ ọ̀gá kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ni, wọ́n sì sanwó fún un. Ẹ rí i pé “dókítà òyìnbó ló sọ ọ́” kì í ṣe ní Òwòdé ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìpalára, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ibi ìfisùn kan sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2011, kí ará ìlú lè máa kọ ìwé síbẹ̀ nípa ọjà tí ó bá pa á lára. Nígbà tí ìwé ìròyìn Consumer Reports yẹ àkọsílẹ̀ náà wò ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, irú bàtà yìí ni ẹ̀sùn rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ọjà. 36 ni wọ́n. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ìrora iṣan, ẹsẹ̀ àti ìbàdí. Ṣùgbọ́n 15 jẹ́ ti egungun fífọ́, àwọn mìíràn sì dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. A kò ní parọ́ nítorí pé a fẹ́ borí nínú àríyànjiyàn: ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wọ̀ ọ́ tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. 36 kò tó nǹkan nínú iye àwọn tí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí tiwa.

Ẹ dìde dúró níbi tí ẹ ti ń ka ìwé yìí, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró. Ẹ ó rí i pé kókósẹ̀ yín ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ yín ń fà sọ́tùn-ún fà sósì kí ẹ má baà ṣubú. Iṣẹ́ tí bàtà yìí ń gbé fún ara ní gbogbo ìgbà nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ṣe é kò sẹ́ ẹ, òun gan-an ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní bí ara bá ń ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ ṣubú, iṣan á máa sa ipá láti gbé e dúró, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa le. Nítorí náà, kì í ṣe pé bàtà náà bàjẹ́ ni ó ṣe ń mì. Mímì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀dà tẹ́ dáadáa, tí kò ru nǹkan kan, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, ó lè lọ kí ó bọ̀ láyọ̀. Àwa ńkọ́? Láti aago méje àárọ̀ ni ìyá alátà ti wà lórí ìdúró. Bí ó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iṣan ẹsẹ̀ ti rẹ̀ tán. Ìgbà tí iṣan bá sì ti rẹ̀ ni kókósẹ̀ máa ń yẹ̀. Ẹ wá gbé ẹrù lé e lórí. Ẹrù orí ń gbé ìwúwo ara lọ sókè, ẹni tí ìwúwo rẹ̀ bá sì wà lókè, mímì díẹ̀ ti tó láti bì í lulẹ̀. Ẹni tí ó ru agbọ̀n tòmátì kò sì lè tẹ orí wo ilẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń fi wá ọ̀nà. Bàtà tí ó nípọn tó báyìí ti dí àtẹ́lẹsẹ̀ lójú. Kò mọ̀ bóyá òkúta ni, kò mọ̀ bóyá etí gọ́tà ni, títí yóò fi yí. Ẹni tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́yìn òjò mọ ohun tí à ń wí. Ẹsẹ̀ kan ni à ń fi sọ̀.

Àgbàlagbà ni a tilẹ̀ ń ṣàníyàn fún jù. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ara kì í tètè gba ara rẹ̀ mú mọ́ bí ó bá fẹ́ ṣubú, egungun náà kì í sì le bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ tún wà, tí àìsàn náà ti pa ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni wọ́n ń tà á fún, torí àwọn ni ẹ̀yìn ń ro.

Kì í sì í ṣe ìṣubú nìkan ni ó wà níbẹ̀. Bí bàtà bá yí ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń rìn padà, ìwúwo ara á kúrò níbi tí ó ti mọ́ egungun lára, á lọ máa tẹ ibòmíràn lójoojúmọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹnìkan gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù pé egungun ìbàdí òun sán láìṣubú rárá, pé bàtà náà ló fà á. Àlòkù sì ni tiwa! Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ sí ibi tí ẹni àkọ́kọ́ ń tẹ̀ sí. Bí onítọ̀hún bá ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn, bàtà náà ti dagun sí ẹ̀gbẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn, ẹ ó rí i.

Àwọn kan sọ fún wa pé: bàtà gogoro tí àwọn obìnrin ń wọ̀ lọ sí òde ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í gbé ènìyàn ṣubú? Ó ń gbé e ṣubú o. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú ní nǹkan bí 1975 rántí bí tọkùnrin tobìnrin ṣe ń gun bàtà gíga kiri, tí wọ́n sì ń fi ojúgun gbolẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún ẹni tí ó wọ gogoro pé oògùn ni. Ó mọ̀ pé oge ni òun ń ṣe. Bí òde bá tán, á bọ́ ọ, á fi sílípáàsì rẹ̀ sẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé bàtà ń wo òun sàn kò ní bọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, á ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

Òmíràn ní àwọn dókítà ń fún àwọn aláìsàn kan ní bàtà tí abẹ́ rẹ̀ tẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n ń lò ó fún ẹni tí oríkèé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le tàbí ẹni tí wọn kò fẹ́ kí ìwúwo máa tẹ iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà wo ẹsẹ̀ náà kó tó fún un. Kì í ṣe orí tápólì ni ó ti ṣà á.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó kọ ìwé náà bi wá ní ìbéèrè tí ó dùn wá dé egungun. Ó ní: “Akọ̀wé, ṣé èmi ló máa ṣọ́ ojú oníbàárà fún un ni? Ó ní ojú, ó rí abẹ́ bàtà.” Òótọ́ ni, ó rí abẹ́ bàtà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí kọ́ ni ó rà, ohun tí ẹ sọ ni ó rà. Bí ẹ bá ta bàtà fún un bíi bàtà, tí ẹ ní, “Mọ̀mí, abẹ́ rẹ̀ ń mì o, ẹ má fi ru ẹrù,” tí ó sì tún rà á, ọ̀rọ̀ wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 pàápàá kò fàyè gba kí á sọ ohun tí ọjà kò lè ṣe fún ẹni tí ń rà á. Ẹni tí ó ra tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àkókò yẹn ní àǹfààní láti gba owó padà, ó lé ní 500,000 ènìyàn tí Skechers nìkan san owó padà fún. Ẹni tí ó rà á lórí tápólì níhìn-ín, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Ní 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn 28, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, dá ẹgbẹ́ tí àwa gbogbo ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ló gbé wọn dé ibẹ̀? Ebi ni, àti ìyànjẹ. Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń da ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun, òṣùwọ̀n wọn kò sì pé. Àwọn ará Rochdale ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tiwọn ní Toad Lane, wọ́n ta ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là tí kò ní àbùlà, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí ó pé. Owó tí wọ́n tù jọ ni wọ́n fi ra ọjà òtítọ́. Tí àwa bá wá fi owó tí a tù jọ ra ọjà tí a ó fi irọ́ tà, fún àwọn ìyá kan náà tí wọ́n ń dá owó sínú àpótí wa, kí ni a fi yàtọ̀ sí olówó èlé ìta?

A mọ̀ pé ẹni tí ó ra béèlì kì í rí inú rẹ̀. Bàtà yìí lè wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé a wá a. A kò ní kí ẹnikẹ́ni dáná sun owó rẹ̀. A bá aránbàtà kan sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ ọjà, ó ní òkè bàtà náà sábà máa ń dára, pé òun lè tú abẹ́ rẹ̀ kúrò, kí òun lẹ èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ọn, kí òun sì rán an yípo. Èrè á dínkù díẹ̀ lóòótọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo bàtà Skechers tàbí Reebok ló rí báyìí o, kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ máa lé oníbàárà ọlọ́jà mìíràn lẹ́yìn tí ó ka ìwé wa. Abẹ́ bàtà ni kí ẹ wò, ẹ má wo orúkọ.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń ro, ẹ wá àpótí ìjókòó, kí ẹ máa jókòó díẹ̀ láàárín ọjà. Ẹ wọ bàtà tí ó tẹ́, tí ó di gìgísẹ̀ mú, tí kò tóbi jù. Tí ẹ bá fẹ́ kí ikùn wọlé, ẹ máa rìn ní ìrọ̀lẹ́, bàtà tí ẹ ní nílé ti tó. Bí ìrora náà kò bá lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Àbá wa fún ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀ ni èyí: kí a yá ọmọ ẹgbẹ́ wa lówó tí ó béèrè, nítorí olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní ta bàtà tí ń mì gẹ́gẹ́ bí ohun ìwòsàn. Èkejì, kí ẹgbẹ́ dá èlé oṣù mẹ́ta dúró lórí gbèsè ìyá onígàrí, kí opó tí ó dúró fún un lè mí. Akápò ti ní òun kò fara mọ́ èkejì yìí, ó sì ní ìdí tirẹ̀ tí yóò sọ fúnra rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìpàdé, lọ́jọ́ Sátidé tí ó parí oṣù. Ẹni tí ó bá ní irú bàtà náà nílé, kí ó mú un dání wá, kí a gbé e sórí tábìlì fún gbogbo ilé láti wò.